Àga Méjì, Ẹ̀wọ̀n Kan

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú àbúrò rẹ̀ lọ ni aránṣọ ti fi bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ sílẹ̀, tó ń sùn sí yàrá ọmọ náà. Kì í ṣe pé bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún dára o. Fóòmù rẹ̀ ti pẹlẹbẹ, béèyàn bá dùbúlẹ̀ lé e, á fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ìhà ka gbogbo igi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rí ibẹ̀ ṣì ń rùn bí orí ọmọ náà, kò sì tíì jẹ́ kí omi kàn án. Bí aládùúgbò bá bi í léèrè, á ní yàrá yẹn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa. Atẹ́gùn wo? Fèrèsé ibẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Àárò ló ń sọ ọ́.

Bíńtín ló ń pe àbúrò rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ti ń fá irùngbọ̀n ni, tó ti ń lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba orúkọ náà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Òun ló fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá àti ìyá wọn kú. Ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ni Bíńtín ń kọ́, kò sì sí nǹkan tó ní wáyà nínú ilé náà tí kò tíì tú palẹ̀. Ó tú áyọ́ọ̀nù, ó tú rédíò. Lọ́jọ́ kan tí oníbàárà jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ láìgba aṣọ òun, Bíńtín tú mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tò ó padà, nọ́ọ̀tì kan sì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́.

"Bíńtín, kí nìyẹn lọ́wọ́ ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ra ẹ̀rọ yìí ló ti ń ru ẹrù tí kì í ṣe tiẹ̀."

Ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́! Oníbàárà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé pé òun ń bínú. Irú nǹkan báyìí ni aránṣọ máa ń rántí nísinsìnyí tó bá jókòó ti ẹ̀rọ. Ẹ̀rín á pa á, á wá fi ọwọ́ nu ojú kó tó lè rí ojú abẹ́rẹ́.

Bíńtín ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ kíláàsì rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Òpó nítorí gíga rẹ̀. Òpó kò wọlé wọn rí kó má fi orí gbá àtẹ́rígbà, bó bá sì ti gbá a tán, á kí àtẹ́rígbà náà pé, "Ẹ kúulé o." Oúnjẹ tó ti jẹ nílé aránṣọ pọ̀ débi pé ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé òun kàn bí ọmọ ni, aránṣọ ló ni ín. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kì í dé ọ̀dọ̀ aránṣọ lọ́wọ́ òfìfo.

Wàyí o, ilé-ìwé àwọn ọmọ yìí ní òfin kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè wọ ọdún ìkẹyìn àfi tó bá lọ lo oṣù mẹ́fà ní ilé-iṣẹ́ kan, kó lọ fi ọwọ́ ṣe ohun tó ti fi ojú kà nínú ìwé. Òfin tó dára ni. Ibi tó ti burú ni pé ilé-ìwé kì í bá ẹnikẹ́ni wá ilé-iṣẹ́. Kálukú ló ń lọ wá àyè ìkọ́ṣẹ́ fúnra rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ sì mọ̀ pé ọmọ tó ń wá àyè kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bíńtín àti Òpó rìn títí bàtà wọn fi lu nísàlẹ̀. Níbì kan, wọ́n ní kí wọ́n lọ ra omi tútù wá fún àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n rà á dé, wọ́n ní àyè ti kún. Níbòmíràn, wọ́n ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò sì tíì dé di bá a ṣe ń wí yìí.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe wáyà iná ni wọ́n fọkàn sí jù. Wọ́n ti kó ìwé wọn síbẹ̀, fọ́tò lẹ̀ mọ́ ọn, obìnrin tó wà níbi ìgbàlejò sì máa ń sọ fún wọn pé ọ̀gá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́, wọ́n dé ibẹ̀ láàárọ̀, wọ́n bá àwọn akunlé tó ń kun ògiri. Wọ́n ní kí wọ́n jókòó, wọ́n jókòó títí oòrùn fi yí. Ìgbà tí Òpó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn yẹn ló tó wo ilẹ̀. Àwọn ìwé tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀dà má baà kán sí táìlì, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá àyè ni. Fọ́tò Bíńtín wà láàárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀dà funfun ti kán sí i lójú.

Òpó dìde, ó gbé àga tó jókòó lé, ó sọ ọ́ lu ilẹ̀kùn gíláàsì. Kẹ́nikẹ́ni tó pariwo, Bíńtín ti gbé tirẹ̀, ó sọ ọ́ lu ilẹ̀kùn kejì. Àfọ́kù gíláàsì kò ta bá ẹnikẹ́ni lára. Wọn kò sá. Wọ́n dúró sójú kan náà títí ọlọ́pàá fi dé, nítorí pé wọn kò fọ́ nǹkan onínǹkan rí, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ̀ lé e.

Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìṣe kan ló ní: bí ọ̀dọ́ bá wà níwájú rẹ̀, á bi í pé, "Bí mo bá fi ẹ́ sílẹ̀ lónìí, ibo lò ń lọ lọ́la?" Òpó yọ ìwé kan tó dé lọ́jọ́ tó ṣáájú, láti ilé-iṣẹ́ tí ọkọ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Adájọ́ kà á, ó ní òun kò ní ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ tí ilé-iṣẹ́ ti gbà jẹ́. Ó kìlọ̀ fún un, ó ní kó máa lọ. Ó bi Bíńtín.

"Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni, Olúwa mi."

"Ilé ẹ̀gbọ́n ẹ kì í ṣe ilé-iṣẹ́," ni adájọ́ wí. Ó ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan.

Ẹ bá mi wò ó. Nǹkan kan náà ni wọ́n ṣe, lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó sì kọ́kọ́ ju àga ló lọ sílé lọ jẹun. Torí pé ilé-iṣẹ́ kò gba Bíńtín ló ṣe bínú ju àga, torí pé ilé-iṣẹ́ kò gbà á náà ni wọ́n tún ṣe jù ú sẹ́wọ̀n. Aránṣọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé-ẹjọ́, ó dà bí ọmọ tí wọ́n lé jáde nílé tí kò mọ ibi tó ń lọ. Gbogbo èèyàn ti jáde kó tó rántí dìde.

Nígbà tó kọ́kọ́ lọ wò ó lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, tábìlì gbọọrọ kan ló wà láàárín wọn, wọ́dà kan sì dúró tì wọ́n, ó ń yán. Bíńtín ti rù. Ó rẹ́rìn-ín síbẹ̀, nítorí pé ó mọ̀ pé ojú òun ni ẹ̀gbọ́n òun ń wò.

"Gílóòbù kan wà lókè orí wa níbi tá à ń sùn, ó ń ṣẹ́jú ṣáá," ó ní. "Mo mọ ohun tó ń ṣe é, Ẹ̀gbọ́n mi. Wáyà kan ló dẹ̀. Kò ní gbà ju kí n fọwọ́ yí i báyìí lọ. Wọn ò jẹ́ kí n kàn án."

"Fi í sílẹ̀, jàre."

"Òun ò fi mí sílẹ̀ ni." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Òpó ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ẹ má bá a jà o."

"Kí ni mo fẹ́ bá a jà fún?" ni aránṣọ dáhùn. Kò sì bá a jà lóòótọ́. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tí Òpó wá sílé wọn, tó fi orí gbá àtẹ́rígbà tí kò sì kí i, aránṣọ fún un ní àga, kò fún un lóúnjẹ. Ó jókòó díẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn yàrá Bíńtín, ó ní òun fẹ́ máa lọ. Aránṣọ kò ní kó dúró. Nínú ọkàn rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè bẹ̀ ẹ́ wò, ó ń fẹ́ kí Òpó náà lọ tọ́ ẹ̀wọ̀n wò lọ́jọ́ kan, kó lọ sùn sábẹ́ gílóòbù tó ń ṣẹ́jú yẹn.

Lọ́yà kan, obìnrin kékeré tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò le: ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ìyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n gba ohun tí adájọ́ àkọ́kọ́ fi ya àwọn ọmọ náà sọ́tọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bá a wá àyè ìkọ́ṣẹ́," ó sọ fún aránṣọ. "Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti lè sọ pé àwọn gbà á, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí kò bá sì jáde báyìí, ilé-ìwé á yọ orúkọ ẹ̀ kúrò."

Bí aránṣọ ṣe ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, tó kó ìwé àbúrò rẹ̀ sábẹ́ apá, tó bọ́ síta. Àwọn ibi tí Bíńtín ti máa ń wá sọ̀rọ̀ wọn nílé, òun náà wá fi ojú ara rẹ̀ rí wọn: àga ike tí wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ nìkan, obìnrin tó ń sọ pé ọ̀gá wà ní ìpàdé kí o tó yanu. Ó jókòó láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń wo ọrùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó rò ó pé bí Bíńtín ṣe ń jókòó nìyí. Ó ń wo ẹni tó bá wọlé, bí ẹni pé ọmọ náà lè yọ lójijì kó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde níbẹ̀, àyè mi ni."

"Ẹ̀gbọ́n," ni ọmọbìnrin kan tó jókòó tì í sọ wẹ́lẹ́, "ṣé ìránṣọ ni wọ́n fẹ́ kọ́ yín níbí ni?"

Aránṣọ wo ara rẹ̀. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ látàárọ̀. Àwọn ọmọ tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in, ìgbà tó sì ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn ti pẹ́.

Ọkùnrin onítáì kan ló wá pè é wọlé. Ó ṣí ìwé náà, ó ní ọmọ tó ní máàkì yìí dára, ọmọ náà fúnra rẹ̀ dà? Níbi tó kù tó ti lọ, aránṣọ máa ń ní ó rìnrìn-àjò. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó sọ òtítọ́.

Ọkùnrin náà fi ìka kan ṣoṣo ti ìwé padà. "A kì í gba ẹlẹ́wọ̀n níbí, Mà."

"Ó ti kó ìwé wá síbí kó tó di ẹlẹ́wọ̀n, sà. Kí ló dé tẹ́ ò gbà á nígbà yẹn?"

Ó wo aránṣọ bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.

Nígbà tó jáde, ó rí ọmọbìnrin tó pa á lẹ́rìn-ín níta, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń fọ ọkọ̀ kan. Wọ́n ní bó bá fọ̀ ọ́ tán, àwọn á yẹ ìwé rẹ̀ wò. Aránṣọ dúró, ó ń wò ó títí omi fi ṣàn dé ibi ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tó lè bá a ṣe. Ó yí padà, ó ń lọ síbi tó kàn, ibẹ̀ náà kò gbà á, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ibi tó kù, títí ọjọ́ ẹjọ́ fi pé.

Ọwọ́ òfìfo ló gbé dé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ìyá Òpó ti wà nínú yàrá ìgbẹ́jọ́, ó jókòó sí ìlà iwájú, ó gbé ọ̀rá kan lé itan. Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ló wà nínú rẹ̀, èyí tí Bíńtín máa wọ̀ lọ sílé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Òpó wà níta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú lọ́yà, ó wọ aṣọ ilé-iṣẹ́ tó gbà á, káàdì ìdánimọ̀ rọ̀ sí i láyà.

Ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. Òun fẹ́ sọ pé òun lòun kọ́kọ́ ju àga, àti pé kì í ṣe ọpọlọ òun ló gba àyè ìkọ́ṣẹ́ fún òun, ojúlùmọ̀ ìyá òun ni.

Lọ́yà bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Inú fáìlì kan náà ni ẹjọ́ ẹ̀yin méjèèjì wà. Adájọ́ yìí lágbára láti mú kí ìyà yín dọ́gba, tó o bá sì sọ ohun tó o wí yìí, mo mọ̀ pé ó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ó lè fa ti ọ̀rẹ́ ẹ wálẹ̀, ó sì lè gbé tìẹ sókè. Mi ò lè ṣèlérí fún ẹ. Ṣé ìyá ẹ mọ̀?"

Òpó mi orí pé rárá. Ó kọjú sí aránṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí n sọ ọ́?"

Aránṣọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́yà yé, kò sí èyí tí kò wọ̀ ọ́ létí níbẹ̀. Ó rí ìyá Òpó láti ẹnu ọ̀nà, tó ń fi ọwọ́ tẹ ọ̀rá náà mọ́tan kó má baà ró nínú kóòtù. Ó lè sọ fún ọmọ náà pé kó lọ bi ìyá rẹ̀. Ó lè sọ pé kó mú sùúrù, pé lọ́yà ṣì ní ohun tó máa sọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àárò Bíńtín ti kún ọkàn rẹ̀ dé ẹnu, kò sí àyè fún ọmọ ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó na ọwọ́, ó tún kọ́là Òpó ṣe bí aránṣọ ṣe máa ń ṣe fún oníbàárà.

"Sọ ọ́," ó ní.

Òpó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ibì kan pamọ́. Bíńtín wà nínú àpótí ẹlẹ́jọ́ ní apá kejì, ó ń mi orí, nígbà tí kò sì lè mú un mọ́ra mọ́, ó kígbe pé, "Òpó, panu mọ́!" Wọ́dà gbá a léjìká. Adájọ́, obìnrin àgbàlagbà kan tó ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ fúnra rẹ̀, gbé ojú sókè.

"Ṣé ẹnì kan ló ní kó o wá sọ èyí?"

"Rárá, Olúwa mi," ni Òpó dáhùn. Aránṣọ tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Adájọ́ wọlé lọ, ó pẹ́ kó tó jáde. Ó ní ilé-ẹjọ́ kò lè máa fi ilé-iṣẹ́ tó gba èèyàn, tàbí èyí tí kò gbà á, wọn ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ó ní ọdún kan ti pọ̀ jù fún gíláàsì, ìkìlọ̀ lásán sì ti kéré jù. Oṣù mẹ́rin ló tọ́ sí i. Oṣù mẹ́rin fún èkíní, oṣù mẹ́rin fún èkejì. Bíńtín ti lo tirẹ̀ pé, kó máa lọ sílé. Òpó á bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lónìí.

Kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Ó dọ́gba. Lọ́yà gan-an kò mọ̀ bóyá kó bá aránṣọ yọ̀. Òpó bọ́ káàdì kúrò lọ́rùn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò mọ ẹni tí ì bá fún, ó wá rọra gbé e sórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó mú un gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Ìyá rẹ̀ dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bíńtín jáde sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ ti ro ohun tó máa sọ lọ́jọ́ yìí, ó ti sọ ọ́ fún ògiri, ó ti sọ ọ́ fún ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò rántí ẹyọ kan. Ó gbá a mọ́ra títí tó fi gbọ́ bí àyà ọmọ náà ṣe ń lù, ó fi imú sí i lọ́rùn, ọṣẹ líle kan ló ń rùn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n Bíńtín ni, Bíńtín òun ni. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọdá títì nígbà tó wà ní kékeré.

"Ta ló ní kó sọ ọ́?" ni Bíńtín bi í.

"Jẹ́ ká lọ sílé."

"Òpó ò lè dá a rò. Ta ló bi léèrè?"

Kó tó dáhùn, ìyá Òpó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sunkún. Ó na ọ̀rá náà sí Bíńtín, ó ní kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, pé kó má wọ èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ yẹn jáde sí títì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí aránṣọ, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bí ti ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀.

"Ọmọ mi, ìwọ lo mọ ibẹ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn rí wọn?"

"Sátidé ni, Mà," ni aránṣọ dáhùn. "Ẹ tètè dé, torí wọ́n máa ń ti géètì. Ẹ má gbé abọ́ onírin lọ, wọn ò ní gbà á. Tí wọ́n bá bi yín pé kí lẹ jẹ́ sí i, ẹ yáa sọ ọ́ sókè, ẹ ní ìyá ẹ̀ ni yín. Ẹ má sì sunkún níwájú ẹ̀, Mà. Ojú yín yẹn ló máa máa rò títí di Sátidé mìíràn."

Ìyá Òpó ń mi orí, ó ń tún un sọ lábẹ́ ẹnu kó má baà gbàgbé: Sátidé, kí n tètè dé, kí n má gbé abọ́ onírin. Bíńtín ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ kò lè gbé ojú sókè sí i, ó kàn ń fún ọwọ́ tó dì mú mọ́ra. Ọmọ náà kò béèrè mọ́. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ dúró ti ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀.